Ṣé ṣakabùlà kan lè tó fún àparò àti ìgalà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà. Ṣakabùlà kan ni mo ní, mo sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣé mo lè máa fi pa àparò àti ọ̀yà, kí n tún fi pa ìgalà, àbí kí n wá ìbọn mìíràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wá òmíràn. Inú ọ̀pá ìbọn yín ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní ìlà tó ń yí ọta bíi ti ráífù. Ìdí nìyẹn tó fi gba ọta wẹ́wẹ́, tó sì gba ọta ńlá kan ṣoṣo.

Ọta wẹ́wẹ́ ni ti àparò, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀yà. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ fi wọn ẹ̀tù àti ọta. Ẹ̀tù dúdú nìkan o! Ẹ̀tù inú katiríìjì ìgbàlódé lè fọ́ ìbọn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ki ẹ̀tù, ẹ fi èdìdí aṣọ tó le tẹ̀ lé e, kí ẹ tó da ọta sí i. Èdìdí fẹ́lẹ́ ló máa dé e lórí kó má baà dà jáde. Bí èdìdí ìsàlẹ̀ bá dẹ̀, iná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọta á sì fọ́nká.

Ẹ lẹ bébà ńlá mọ́ pátákó, ẹ yìn ín láti ìgbésẹ̀ 25. Bí àárín bébà bá ṣófo, tí ihò kàn yí etí rẹ̀ ká, ẹ̀tù ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ dín in kù. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló máa ń bu kún un níbí, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Kọjá ìgbésẹ̀ 30, ẹran á kàn gbọgbẹ́ sá lọ ni.

Fún ìgalà, ọta òjé rogodo tó kéré díẹ̀ sí ihò ìbọn ni kí ẹ lò. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tí ẹ ti fi òrí pa wé e, kí ẹ kì í títí yóò fi jókòó lé ẹ̀tù. Àlàfo láàárín wọn lè mú ọ̀pá ìbọn wú tàbí kó bẹ́. Ẹ gé àmì sára ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ìbọn, ọ̀kan fún ìgbà tó ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí ọta bá jókòó dáadáa. Ẹ má yìn ín kọjá ìgbésẹ̀ 50. Ègé irin kì í ṣe ọta: ó ń ha inú ìbọn, kì í sì í lọ tààrà. Àwọn ìnàkí inú igbó ìpamọ́ Ìṣẹ̀ kò sí nínú ẹran ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́.

Bí ìbọn bá kọ̀, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Iná lè ṣì ń jó lọ nínú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín náà ni kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pa á, torí èérí ẹ̀tù ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà ló sì ń tẹ̀ lé e.