Okùn jẹnẹrétọ̀ mi kì í padà wọlé mọ́: ṣé kí n ra sítátà tuntun ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour”, ni mo fi ń ránṣọ bí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ó ti tó oṣù kan tí okùn tí a fi ń fà á ti ń ṣe ségesège. Bí mo bá fà á, ìdajì ló máa ń padà wọlé, ìyókù á máa fì dirodiro. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á kàn bọ́ fẹ́rẹ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ́ńjìnì ò ní yí rárá. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n lọ ra odindi sítátà. Ẹlòmíì ní ẹ́ńjìnì ló ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá télọ̀, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kà sílẹ̀ yìí, inú sítátà sì ni méjèèjì wà. Ẹ́ńjìnì tó bá nọ́ọ̀kì débi pé ó gan kì í jẹ́ kí okùn bọ́ fẹ́rẹ́ síni lọ́wọ́. Ṣe ni okùn máa ń le gbagidi, téèyàn á fi gbogbo agbára fà á tí kò ní mira.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ìdérí sítátà, ìyẹn ibi tí okùn ti ń jáde. Pọ́ọ̀lì kan wà níbẹ̀ tí okùn yí mọ́ lára. Lẹ́yìn pọ́ọ̀lì ni sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín. Òun ló ń fa okùn padà wọlé. Níwájú pọ́ọ̀lì, ẹ máa rí eyín kékeré kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ti ń fa okùn, eyín á yọ síta, á kọ́ ife irin tó wà lára fùláìwíìlì (àgbá irin tó ń bá ẹ́ńjìnì yí), ẹ́ńjìnì á sì yí. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbaná, eyín á padà sáyè rẹ̀. Okùn tí kò padà, ọ̀ràn sípíríǹgì àti pọ́ọ̀lì nìyẹn. Okùn tó ń bọ́ fẹ́rẹ́, ọ̀ràn eyín ni. Kí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgékoríko tí a ń fi okùn fà náà bá wa fetí sí i, torí bákan náà ni sítátà tiwọn ṣe rí nínú.

Ẹ pa súwíìṣì, ẹ ti ẹnu epo (ibi tí epo ń gbà kúrò nínú táńkì lọ sí ẹ́ńjìnì), kí ẹ sì yọ fìlà orí pílọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. (Ẹ̀yin oníkoríko, ẹ má fi ti pílọ́ọ̀gì yìí ṣeré rárá: abẹ ìsàlẹ̀ lè yí lójijì, kó gé yín lọ́wọ́.) Bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń di sítátà mú, sípánà 8 tàbí 10 ni a sì fi ń tú u. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fa okùn níbẹ̀.

Ìdánwò orí tábìlì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe máa ń fò dá, ó sì ń dùn mí nítorí owó oníbàárà ló ń bá a lọ. Bí okùn bá ń padà geere lórí tábìlì, àmọ́ tí kì í padà tó bá wà lára ẹ́ńjìnì, kò sóhun tó ṣe sípíríǹgì. Sítátà ni kò jókòó dáadáa, tí eyín rẹ̀ wá ń ha ife lára. Ẹ dá a padà sáyè, ẹ fi bóòtù sí i láìfún un le, ẹ fa okùn díẹ̀ kí eyín kọ́ ife, ẹ di okùn mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá máa fún bóòtù le lọ́kọ̀ọ̀kan. Sítátà á wá àárín fúnra rẹ̀.

Bí kò bá padà lórí tábìlì náà ńkọ́? Ẹ wo ìdọ̀tí. Ojú ihò ìdérí yẹn ni fáànù ẹ́ńjìnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ wọlé, torí náà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, òwú àti fọ́nrán aṣọ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Wọ́n á yí mọ́ ìdí pọ́ọ̀lì, wọ́n á fún un pinpin. Ẹ fi ẹ̀mú fa òwú náà jáde, ẹ fi búrọ́ṣì àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Tó bá ṣì ń padà lábọ̀, agbára sípíríǹgì ló dín kù. Ẹ máa rí ibi kan tí wọ́n gé létí pọ́ọ̀lì. Ẹ fi okùn há ibẹ̀, kí ẹ yí pọ́ọ̀lì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí ọ̀nà tó máa ń yí sí bí ẹ bá ń fa okùn. Ẹ dì í mú, ẹ yọ okùn kúrò níbi tó há sí, kí ẹ rọra jẹ́ kí pọ́ọ̀lì ká a wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fa okùn jáde tán pátápátá. Pọ́ọ̀lì gbọ́dọ̀ ṣì lè yí síwájú bí ìdajì ìyípo. Bí kò bá lè yí mọ́, ẹ ti ká sípíríǹgì jù, á sì já láìpẹ́. Ẹ dín in kù.

Àmọ́ bí pọ́ọ̀lì bá ń yí fàlàlà tí kò fà yín padà rárá, sípíríǹgì ti já tàbí kó ti yọ kúrò níbi tó kọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ibẹ̀ fúnra yín bí ẹ ò bá ṣe é rí. Irin pẹlẹbẹ yẹn lè fò jáde, kó ya ojú tàbí ọwọ́ èèyàn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Okùn tó ti ń tú fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí náílọ̀nù híhun tó sanra bákan náà tó sì gùn bákan náà. Okùn ìsáṣọ kò lè ṣe é. Ẹ fi ìṣáná jó ẹnu rẹ̀ kó má tú.

Ní ti bíbọ́ fẹ́rẹ́, ẹ wo súkúrúù àárín tó di eyín mú. Tó bá ti dẹ̀, eyín kò ní yọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sukurudiráfà lásán ló máa parí rẹ̀. Nígbà míì, gíríìsì tí ẹnìkan rọ́ síbẹ̀ ti mú eruku dì, eyín wá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ nù ún kúrò. Bí ṣóńṣó eyín bá ti jẹ róbótó, ẹ béèrè ẹyọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì. Bí ìdérí fúnra rẹ̀ bá là, tàbí tí òpó àárín bá ti jẹ, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tọ̀nà nìyẹn: ẹ ra odindi.

Bí ẹ ti ń fà á náà ṣe pàtàkì o. Ẹ rọra fà títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó le, ẹ jẹ́ kó padà wọlé, kí ẹ wá fà á yẹ́ẹ́. Ẹ má fà á dé òpin, ẹ má sì ju okùn sílẹ̀ kó fò padà. Ọwọ́ yín ni kó sìn ín wọlé. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti dán an wò, nítorí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn tó sì ń pani.

Bó bá wá di ọjọ́ kan tí okùn le tí kò ṣeé fà, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, kí ẹ tún fà á, kí iná má sí nítòsí. Tí epo bá tú jáde lójú ihò pílọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) ló ń jò sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ máa ti ẹnu epo ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo kábúrétọ̀ náà. Tó bá ṣì le láìsí pílọ́ọ̀gì, tó sì le bákan náà nígbà tí ẹ tú sítátà kúrò tí ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì fùláìwíìlì, ẹ́ńjìnì gan-an ló gan. Ẹ bi ara yín bóyá ẹnìkan da bẹntiróòlù sí i láìpò ó mọ́ ọ́ìlì, nítorí inú epo ni ọ́ìlì irú ẹ́ńjìnì yìí ń gbé. Ohun tí wọ́n bá kọ sára táńkì ni kí ẹ tẹ̀ lé; ìdá 50 sí ìdá 1 ni ó wọ́pọ̀, ìyẹn mílílítà 100 ọ́ìlì sínú lítà 5 bẹntiróòlù.