Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Ìjà Àwọn Olólùfẹ́ Mọ́tò Asáré Àtijọ́

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Látìgbà tá a ti ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ lórí àwọn mọ́tò asáré ayé ọjọ́un, ńṣe lẹ ya bò wá, ìjà sì pọ̀ nínú ẹ̀ ju ìbéèrè lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí mọ́tò tó dà bí Porsche 911 Turbo àkọ́kọ́, 930 yẹn. Èmi ní mọ́tò tí wọ́n ń pè ní asọni-dopó ò yẹ lóhun téèyàn ń yìn. Ta ló jàre?

Àbúrò, ìwọ lo jàre lórí ewu ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ ló jàre lórí ìyìn, nǹkan kan náà ló sì fa méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì 911, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ó tún kọjá táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn, ìdí mọ́tò yẹn ló wúwo jù. Nígbà tí 930 jáde ní 1975, ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 ni wọ́n gbé sí i, wọ́n so tọ́bò mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fi ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, agbára ẹṣin 260, gíà mẹ́rin péré. Tọ́bò ayé ìgbà yẹn tóbi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jí. Jẹ́ ká sọ pé o wà nínú kọ́nà, gíà kẹta, o tẹ tọ́tù, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, o tún tẹ̀ ẹ́ sí i, kò sí nǹkan kan náà ni, o ti ń rò ó pé bóyá kó o já gíà wálẹ̀, àfi gbàù, gbogbo agbára ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iwájú fúyẹ́, mọ́tò ń fẹ́ gba ìta kọ́nà lọ. Àyà ẹ já, o gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́. Bó o ṣe gbé ẹsẹ̀ yẹn, ìwúwo sáré lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn ò rí ilẹ̀ dì mú dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́hùn-ún sì ṣì ń fẹ́ lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ìdí mọ́tò á yọ síta, á sì yí ẹ ká kó o tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìdí tó wúwo yẹn kan náà ló jẹ́ pé tí kọ́nà bá ti ń là, táyà ẹ̀yìn á di ilẹ̀ mú gírígírí, mọ́tò á sì jáde bí ẹni pé wọ́n yìn ín níbọn. Òun náà ló jẹ́ kí búréèkì ẹ̀ dáa, torí tó o bá tẹ búréèkì, ìwúwo ṣì wà lẹ́yìn tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi jọ ṣiṣẹ́. Ní 1978 wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì di lítà 3.3, wọ́n fi intercooler tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò sí i, agbára ẹṣin di 300, wọ́n sì fún un ní búréèkì tí wọ́n mú láti ara mọ́tò ìdíje 917. Gíà mẹ́rin yẹn ni wọ́n fi jókòó títí di 1989, ọdún tó gbẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní márùn-ún. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti 1989 ni màá mú, torí gíà karùn-ún yẹn jẹ́ kí oorun tọ́bò dín kù.

Ẹni tó bá ti parí búréèkì ẹ̀ kó tó yí sítíárìn, tó wọ kọ́nà jẹ́jẹ́, tó sì ń tẹ tọ́tù ṣáájú kí tọ́bò lè jí nígbà tójú ọ̀nà bá ti là, 930 ò ní bá a jà. Ẹni tí ò bá fẹ́ kọ́ ìyẹn, kó fi í sílẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé 911 tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì kì í ṣe 911 gidi?

Irọ́ ni jàre. 1998 ni 911 tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ẹ́ńjìnnì parí, òfin lórí èéfín àti ariwo sì wà lára ohun tó pa á. Mo mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn gbẹ, ó sì ń dún gan-gan, kò tún sí nǹkan tó ń dún bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ 996, èyí tó kọ́kọ́ ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì, yá ju 993 lọ, ìyẹn èyí tó fi afẹ́fẹ́ tu ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn, ó sì rọrùn láti wà. Àléébù tó ní tó le ni béárìn IMS tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, tó bá bàjẹ́, ó lè ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ti 996 Turbo àti GT3 ò ní àìsàn yìí, ẹ́ńjìnnì míì ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bèèrè, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ orúkọ BMW M3 E30 láti kékeré. Wọ́n wá gbé ọ̀kan fún mi wà, ó já mi kulẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin, ohùn ẹ̀ ò dùn, kò tiẹ̀ fẹ́ fà. BMW 325i onísìlíńdà mẹ́fà dùn jù ú lọ. Ṣé ẹ̀ ń tàn wá ni?

A ò tàn yín, ẹ kàn bá a pàdé níbi tí kò ti yẹ kẹ́ ẹ bá a pàdé ni.

Ìdíje ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe mọ́tò yẹn. Òfin Group A nígbà náà sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó lè gbé mọ́tò kan lọ síbi ìdíje, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe 5,000 irú ẹ̀ láàárín oṣù 12 fáráyé rà, bí M3 ṣe jáde ní 1986 nìyẹn. Sìlíńdà mẹ́rin tí ẹ ń bú yẹn, orí ẹ̀ jọ ti ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́fà tó wà nínú BMW M1, wọ́n kàn yọ méjì kúrò ni, torí ẹ́ńjìnnì kúkúrú fúyẹ́ níwájú, ó sì lè fara da eré àsápajúdé ju gígùn lọ. Lítà 2.3 ni, agbára ẹṣin bí 200, àmọ́ ó dìgbà tẹ́ńjìnnì bá ń yí bí ìgbà 6,750 ní ìṣẹ́jú kan kí agbára yẹn tó pé. Tẹ́ ẹ bá wà á bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń yí gíà kó tó dé 3,500, ẹ ò tíì bá mọ́tò yẹn sọ̀rọ̀ rárá. Gíà àkọ́kọ́ èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù pàápàá, apá òsì nísàlẹ̀ ló wà, kí gíà kejì àti ìkẹta lè dojú kọra wọn tààrà, torí àwọn yẹn lèèyàn ń lò jù níbi ìdíje.

Ibi tó ti dáa jù lọ ni kọ́nà tó tẹ̀ lé kọ́nà. Sítíárìn ẹ̀ ń sọ gbogbo nǹkan tí táyà ń ṣe fún ẹ, iwájú ń lọ síbi tó o bá tọ́ka sí, tí ìdí bá sì fẹ́ yọ, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fún ẹ láyè láti ronú. Èmi ò tíì rí mọ́tò oníjókòó mẹ́rin tó mọ kọ́nà bẹ́ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ ńkọ́? Ó pọ̀. Nínú gosiló, ó ń sú èèyàn. Apá òsì nìkan ni wọ́n fi sítíárìn sí, ẹni tó bá wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún á máa yọ́run wò káàkiri. Owó tí wọ́n sì ń pè é báyìí, èmi ò rò pé iṣẹ́ tó ń ṣe tó o, orúkọ lèèyàn ń rà. Tó bá jẹ́ ìrìn àjò gígùn àti ohùn dídùn lẹ fẹ́, 325i yẹn lẹ fẹ́ràn, ẹ rà á, kójú má tì yín.

Ẹ̀gbọ́n, Toyota Supra Mk4 tàbí Mazda RX-7 FD? Àwa méjì ti bára wa jà débi pé a ò kíra wa mọ́.

Ẹ lọ kí ara yín ná.

Supra ló ní ẹ́ńjìnnì tó dáa jù, RX-7 ló jẹ́ mọ́tò tó dáa jù. 2JZ-GTE inú Supra, sìlíńdà mẹ́fà, lítà 3.0, tọ́bò méjì, irin tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń di agbára kún un ju bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ lọ tí kò sì fọ́. Àmọ́ irin tó nípọn yẹn wúwo, iwájú ló sì wà, gbogbo mọ́tò náà ti ju kìlógíráàmù 1,500 lọ. Lójú ọ̀nà tó tẹ́ gbọọrọ, ẹ ò ní bá a. Lójú ọ̀nà tó ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹ máa mọ̀ pé ẹ gbé ẹrù dání.

RX-7 kò ní pístìn rárá, rotary ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ohun onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ̀, méjì ló ní, àpapọ̀ ẹ̀ ò ju lítà 1.3 lọ. Ó kéré débi pé wọ́n rí i tì sẹ́yìn táyà iwájú, kó sì wà nísàlẹ̀ dáadáa, mọ́tò náà sì fúyẹ́, bíi kìlógíráàmù 1,300 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá yí sítíárìn báyìí, ó ti yí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ń kú, torí ọ̀pọ̀ ló ń bú u láìmọ ìdí. Ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan lára onígun mẹ́ta yẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní apex seal, mẹ́fà ni wọ́n, àwọn ló ń dí àlàfo kí agbára má baà jò lọ. Téèyàn bá gbé agbára tọ́bò ẹ̀ sókè láìfi epo kún un, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù, epo á máa bú gbàmù kí àsìkò ẹ̀ tó tó, ìbúgbàmù yẹn á ṣẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, èyí tó ṣẹ́ á ha ara ilé ẹ́ńjìnnì yánnayànna, ó sì lè bá èéfín jáde lọ ba tọ́bò náà jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo ẹ̀. Ó tún ń jẹ ọ́ìlì, ó sì yẹ kó máa jẹ ẹ́ ni, pọ́ḿpù kékeré kan ló ń fún ọ́ìlì sínú ibi tí epo ti ń jó láti fi pa àwọn irin yẹn lára. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò yìí tí kì í wo ọ́ìlì, òun ló pa á. Ẹ sì má tan án fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tún pa á nígbà tó ṣì tutù, epo lè kún inú ẹ̀ tí kò ní jó mọ́.

Bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì yẹn ò dáa, ẹ rán wọn létí pé mọ́tò tó ń lo irú ẹ̀, Mazda 787B, ló gba ipò kìíní ní Le Mans ní 1991, ìdíje wákàtí 24. Ìtọ́jú ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa kún agbára, kó ra Supra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, tó sì lè ní sùúrù fún un, RX-7, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ ní agbára ẹṣin 400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tí wọn ò fi yá tó mọ́tò 300 òde òní?

Bàbá ò parọ́, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Nígbà náà, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì nìkan sórí ìdúró, kò sí fáànù, kò sí ọ́ọ̀tánétọ̀, kò sí páìpù èéfín tí mọ́tò ń gbé kiri, wọ́n á wá wọn agbára ẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀. Ẹ wo Corvette tó ní ẹ́ńjìnnì LS5, onílítà 7.4: wọ́n kọ 365 sí i lára ní 1971, nígbà tó fi máa di 1972, ó ti di 270, ẹ́ńjìnnì náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo, táyà wọn tẹ́ẹ́rẹ́, búréèkì ìlù ló sì wà lẹ́sẹ̀ wọn, tó jẹ́ pé tó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kò fẹ́ dáni dúró mọ́.

Ferrari F40 tàbí Porsche 959?

959 ti 1986 ló gbọ́n jù. Agbára ń lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹpútà ló ń pín in, ó sì ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú táyà, nǹkan tó wọ́pọ̀ lónìí. Ó tún gba ipò kìíní nínú ìdíje Paris-Dakar ní 1986. F40 jáde ní 1987, agbára ẹṣin 478, kò ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa téèyàn bá tẹ búréèkì, kò ní rédíò, okùn lẹ máa fà kẹ́ ẹ tó lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀ látinú. Òun ni mọ́tò tó gbẹ̀yìn tí Enzo Ferrari fọwọ́ sí kó tó kú ní 1988. Lórí iṣẹ́ ọpọlọ, 959 borí. Àmọ́ tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì síwájú mi fún wákàtí kan péré, ti F40 ni mò ń mú.

Ṣé òótọ́ ni pé iwájú Lamborghini Miura máa ń fẹ́ gbéra nílẹ̀?

Òótọ́ ni. Iwájú ni táǹkì epo wà, bí epo ṣe ń tán ló ń fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tún ń lo ọ́ìlì kan náà fún ẹ́ńjìnnì àti gíà, tí irin bá ré lára gíà, inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbà. Ẹwà ẹ̀ ò láfiwé o, ẹ kàn má sá a dé òpin.

Mo fẹ́ ra mọ́tò asáré àtijọ́ àkọ́kọ́ láyé mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìpẹtà ni, kó tó dórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe, àmọ́ tí ìpẹtà bá ti jẹ abẹ́ mọ́tò, owó ẹ̀ ò lópin. Ẹ gbé e sókè, ẹ fọwọ́ tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí sọ̀kì ti so mọ́ ara. Ti RX-7, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì rotary wọ̀n ọ́n, tàwọn ẹ́ńjìnnì yòókù ò ní sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà ni táyà. Àwọn mọ́tò wọ̀nyí kì í rìn púpọ̀, táyà wọn á dúdú, á nípọn, á sì ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, kódà kó máa dán, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò náà wọ kọ́nà kankan, pàápàá tó bá jẹ́ 930.