Ta ni Daniel Igali, kí ló sì ṣe fún eré ìjàkadì ní Nàìjíríà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa ní Kubwa. Daniel Igali tí ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín ní ìjàkadì ní Àbújá máa ń dárúkọ jẹ́ ọmọ Eniwari ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Òun ni olórí ikọ̀ ìjàkadì Nàìjíríà tó lọ sí ìdíje Commonwealth ní Kánádà ní ọdún 1994, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ìjàkadì àgbáyé ní 1999, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Kánádà ní Sydney ní 2000. Lẹ́yìn ìjà àṣekágbá náà, ó tẹ́ àsíá Kánádà sílẹ̀, ó sáré yí i ká, ó sì kúnlẹ̀ fẹnu kò ó.

Lójú tèmi, ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló tóbi jù: ó padà wálé, ó ń tọ́ àwọn oníjàkadì wa sọ́nà, ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Eniwari, ó sì di ààrẹ àjọ tó ń bójú tó ìjàkadì ní Nàìjíríà. Lábẹ́ ìdarí rẹ̀ ni Blessing Oborududu, tó ti gba wúrà ilẹ̀ Áfíríkà léraléra, ti gba fàdákà ní Tokyo ní 2021, èyí tó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìjàkadì.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ìjàkadì Òlíḿpíìkì yìí yàtọ̀ sí kokawa tí àwọn Hausa ń jà lórí iyanrìn: àmì ni wọ́n ń kà níbí, bí èjìká méjèèjì ẹnì kan bá sì lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìjà parí nìyẹn.