Ṣé itẹ́ òkú Àjẹlé ṣì wà ní Erékùṣù Èkó?

Rárá, kò sí mọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló wó o lẹ́yìn ọdún 1970, nígbà tí Mobolaji Johnson jẹ́ gómìnà ológun, kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà kọ́ ọ́fíìsì ìjọba.

Ibẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ Sàró tó lórúkọ sí, ìyẹn àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ tó padà wá láti Sierra Leone, àti àwọn ọmọ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kú ní 31 Oṣù Kejìlá, 1891, wà lára wọn. Wọ́n hú egungun tirẹ̀, wọ́n sì tún un sin sí Kàtídírà Krístì ní Màrínà.

Ẹni tó bá ń wá bàbá ńlá rẹ̀ tí wọ́n sin sí Àjẹlé kò ní rí òkúta kankan kà níbẹ̀ mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìsìnkú ìjọ tí olóògbé ń lọ ló kù. Déètì ni wọ́n fi ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ, nítorí náà mú ọdún tó kú dání. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣí. Orúkọ náà lè yàtọ̀ sí bí ẹbí ṣe ń kọ ọ́ lónìí: Ṣówándé lè jẹ́ Showande, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé orúkọ òyìnbó tó gbà nígbà ìrìbọmi nìkan ni wọ́n kọ. Ìwé yìí sábà máa ń sọ àdúgbò, ọjọ́ orí, ọjọ́ ìsìnkú àti àlùfáà tó sin òkú. Ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ojú ibojì gan-an.