Ilé tí bánkì gbà lọ́wọ́ onígbèsè: ṣé ká rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò. Èmi àti ìyàwó mi ti rí ilé kan ní Worcester, ní Massachusetts níbí. Ní 2008, bánkì gbà á lọ́wọ́ onílé tó jẹ gbèsè, ó sì lù ú ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á nígbà yẹn ló fẹ́ tà á fún wa báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní ká má dán an wò, pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ nílé ẹjọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, àmọ́ òfin ti yí padà.

Ẹjọ́ tó dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀ ni èyí tí àwa agbẹjọ́rò ń pè ní Ibanez, ìyẹn orúkọ onílé, lórí ilé kan ní Springfield. Onílé yá 103,500 dọ́là ní 2005, ó fi ilé náà dúró. Ilé iṣẹ́ tó yá a lówó ta gbèsè náà fún òmíràn, ìyẹn náà tún tà á, ó gba ọwọ́ bánkì Lehman Brothers kọjá, títí wọ́n fi dà á pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ gbèsè mìíràn tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ fún àwọn olówó. U.S. Bank ni alábòójútó rẹ̀. Gbèsè ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, ìwé kò tẹ̀ lé e. Ní July 5, 2007, U.S. Bank lu ilé náà ní gbàǹjo, òun náà ló sì rà á. Ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ orí ilé náà fún un ńkọ́? September 2008 ni wọ́n tó kọ ọ́!

Onílé kọ́ ló pe bánkì lẹ́jọ́ o. Bánkì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí adájọ́ lè bá a fọ ìwé ilé mọ́. Ní January 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí dá a padà sófo: ọjọ́ tó polówó gbàǹjo àti ọjọ́ tó tà á, kò tíì ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́. Bánkì kì í gbàṣẹ adájọ́ níbí kó tó ta ilé onígbèsè, nítorí náà wọn kò gbà kó yẹ òfin sílẹ̀ rárá. Kì í kúkú ṣe pé gbèsè ti lọ. Bánkì lè tún un ṣe bó ṣe yẹ.

Ní October ọdún yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ kan ẹni tó ra ilé mìíràn lọ́wọ́ bánkì. Ẹjọ́ Bevilacqua nìyẹn, orúkọ olùrà náà, láti Haverhill. Níbẹ̀ náà, lẹ́yìn gbàǹjo ni ìwé bánkì tó jáde. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí bánkì kò ní, kò lè tà á. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ayédèrú ọmọ onílẹ̀ rí kò nílò àlàyé mi.

Òfin 2015 ló wá tu àwọn olùrà lára. Bánkì máa ń fi ìwé ìbúra sílẹ̀ pé òun ta ilé bó ṣe yẹ. Tí ìwé náà bá ti pé ọdún 3 ní Registry of Deeds, ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi ìwé ilé àti ilẹ̀ pa mọ́ sí, tí onílé àtijọ́ kò pẹjọ́, kó sì fi ẹ̀dà ẹjọ́ náà sí Registry níbẹ̀, ẹni tó rà á ní tòótọ́ ti bọ́. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ìwé tó ti wà kó tó dé, nítorí náà, fún irú ilé 2008 yìí, ó kéré tán, òpin 2016 ni gbèdéke náà. Òfin náà kò dáàbò bo bánkì tó ta ilé fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí agbẹjọ́rò yín yẹ ìwé wò ní Registry ti Worcester. Ẹ̀yin náà lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ìwé ìbúra wà níbẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n fi sílẹ̀? Ṣé ẹ̀dà ẹjọ́ kankan wọlé kí gbèdéke tó pé? Tí ẹjọ́ bá wà, ẹ má san kọ́bọ̀. Kí ẹni tó ń tà á lọ yanjú rẹ̀ ná.

Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ ra ìbánigbófò orí ìwé ilé (title insurance), èyí tó ń dáàbò boni bí ìwé ilé bá ní àbùkù. Èyí tí bánkì tó ń yá yín lówó máa ní kẹ́ ẹ san, bánkì nìkan ló ń dáàbò bò. Tiyín lọ́tọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó san án, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ síwèé. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ kúrò kí owó lè dín. Lórí ilé tó ti gba gbàǹjo kọjá, èmi ò ní gbà kí oníbàárà mi yọ ọ́.