Gíláàsì Ọkọ̀ Ò Gòkè Mọ́: Ṣé Súwíìṣì Ló Kú Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ mi ti dàgbà, ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Gíláàsì ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ń ṣe ségesège, tí n bá tẹ súwíìṣì á sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, àmọ́ kó tó gòkè, àtẹ̀túntẹ̀ ni. Òjò ká mi mọ́ Kútọ̀ báyìí, gíláàsì wà nílẹ̀, mo rin gbindin dé Ọbáńtokò. Rewáyà kan ní kí n ra súwíìṣì tòkunbọ̀, èkejì ní wáíńdà, ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì lọ sókè sódò, ló kú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ọbáńtokò

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu òjò. Ẹ má tíì náwó o. Tó bá di alẹ́, ẹ tan iná inú ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ súwíìṣì sókè. Tí iná yẹn bá ṣe bàìbàì díẹ̀ tí gíláàsì ò sì mira, iná ti dé ọ̀dọ̀ wáíńdà, òun ló ń jìjàkadì. Tí iná ò bá yí padà rárá, iná ò débẹ̀ nìyẹn, súwíìṣì tàbí wáyà ni kẹ́ ẹ mú.

Wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ máa rí rọ́bà kan tó gba àárín ilẹ̀kùn àti bọ́dì kọjá, ẹ dì í mú kẹ́ ẹ máa mì í, kí ẹnì kan máa tẹ súwíìṣì lọ́wọ́ kan náà. Tí gíláàsì bá ta kìjí, wáyà ti já nínú rọ́bà yẹn, ṣíṣí àti títì látọdún yìí wá ló já a.

Tí kì í bá ṣe wáyà, súwíìṣì yá. Ẹ yọ orí négátíìfù bátìrì ná. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu screwdriver kó má baà ha ilẹ̀kùn, ẹ yọ súwíìṣì, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u o, torí àwọn sípíríǹgì inú ẹ̀ kéré gan-an, tí ọ̀kan bá fò lọ, ó parí. Ẹ máa rí kọ́ńtáàtì bàbà tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ti òkè ló sábà máa ń burú jù torí gíláàsì wúwo láti gbé. Contact cleaner tàbí spírítì ni kẹ́ ẹ fi nù ún, sandpaper tó kúnná kẹ́ ẹ rọra fi kàn án, ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Súwíìṣì tòkunbọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà yẹn ńkọ́, inú ọkọ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín ni wọ́n ti yọ ọ́!

Ẹ tún fín silicone spray sí rọ́bà tí gíláàsì ń gbà lọ sókè sódò. Eruku Abẹ́òkúta ti gbẹ ẹ́, tó bá sì ti gbẹ, wáíńdà á máa fa iná púpọ̀, súwíìṣì ni yóò máa jó. Fíúsì tó bá sì jó, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi sí i, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wé bébà sìgá mọ́ ọn. Súwíìṣì yìí ò kéré o: lọ́dún 2012, Toyota pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.4 ọkọ̀ padà káàkiri àgbáyé nítorí ẹ̀, gíríìsì inú ẹ̀ ni ò kárí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, súwíìṣì iná iwájú ọkọ̀ bàbá mi máa ń gbóná, ó tiẹ̀ ti ń rùn.
Akẹ́kọ̀ọ́, Àsẹ̀rò

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má wa ọkọ̀ yẹn lálẹ́ mọ́ ná, rọ́bà inú súwíìṣì ló ń yọ́. Bọ́ọ̀bù wáàtì 55 méjì lórí bátìrì fóltì 12 máa ń fa ámpìà tó lé ní 9, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sì rèé, inú súwíìṣì kékeré yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Ní kí rewáyà fi relay sí i, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá. Nọ́ńbà ara ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kó tẹ̀ lé: 30 látọ̀dọ̀ bátìrì pẹ̀lú fíúsì, 87 sí bọ́ọ̀bù, 86 látọ̀dọ̀ súwíìṣì, 85 sí bọ́dì. Kó sì wo ibi tí wáyà ilẹ̀ ti so mọ́ bọ́dì, tó bá ti dógùn-ún kó ha á dáadáa kó tó dè é padà.