Gọ́tà tí kò parí: ṣé dandan ni kí a sanwó kí a tó béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa, níhìn-ín ní Òṣogbo. Ìjọba ìbílẹ̀ wa gbé iṣẹ́ gọ́tà fún agbaṣẹ́ṣe kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n to búlọ́ọ̀kù díẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ní báyìí, bí òjò bá ti rọ̀, ilé ìyá àgbà kan ni omi ń yà sí. A lọ béèrè iye owó iṣẹ́ náà. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ ní àṣírí ìjọba ni, ó ní òfin tí aráàlú fi ń béèrè ìwé, ti Àbújá ni, kò tíì dé Ọ̀ṣun. Bàbá kan wá ní òun á bá wa kọ̀wé sí EFCC, kí a mú ₦60,000 wá, pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọn á ti gbé alága. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú alága. Àwọn mìíràn ní kí a má san owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé mọ́. Kí ni kí a ṣe? Ká sọ tòótọ́, a ò gba ìjọba gbọ́ mọ́.

ÌDÁHÙN

Ẹ má fún bàbá yẹn ní kọ́bọ̀.

Ìyẹn ni mo ní kí n kọ́kọ́ sọ, torí irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìbínú aráàlú jẹun. EFCC kì í gba owó lórí ìwé ẹ̀sùn. ICPC, àjọ ìjọba mìíràn tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, náà kì í gbà. ICPC ní ọ́fíìsì níhìn-ín ní Òṣogbo, ẹ lè gbé ìwé yín lọ fúnra yín. Ọ́fíìsì EFCC tó ń mójú tó Ọ̀ṣun, Ìbàdàn ló wà. Kò sí ẹni tó wà níta tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn á gbé èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí bàbá náà bá ń purọ́, owó yín ló fẹ́ jẹ. Bí kò bá purọ́, tó jẹ́ pé lóòótọ́ ló mọ ẹnì kan nínú ibẹ̀ tó máa fún lára owó náà, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà ti wọnú rìbá nìyẹn, torí lábẹ́ òfin ICPC ti ọdún 2000, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Ti pé òfin ò gbà kí wọ́n mú alága, kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 308 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa dárúkọ ipò mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò lè pe ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́jọ́ títí yóò fi lọ: Ààrẹ, igbákejì Ààrẹ, gómìnà àti igbákejì gómìnà. Alága káńsù kò sí níbẹ̀. Kọmíṣọ́nnà kò sí níbẹ̀. Kódà àwọn mẹ́rin yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2002, nínú ẹjọ́ tí olóògbé Gani Fawehinmi pè, pé ọlọ́pàá lè wádìí wọn bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí àléfà. Bí wọ́n bá sì ti kúrò nípò, ààbò yẹn ti tán. Joshua Dariye tó ṣe gómìnà ní Plateau àti Jolly Nyame tó ṣe é ní Taraba gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ní 2018. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ dárí jì wọ́n ní 2022. Ó dun èmi náà gidigidi, mo sì mọ̀ pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ sọ pé ẹ ò gba ìjọba gbọ́ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ìbéèrè yín gan-an, torí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ń wá ibi tí ẹ ti máa fi ẹjọ́ alága sùn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì rí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ ò mọ iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde, ẹ ò mọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ẹ ò mọ iye tó ti gbà. Gọ́tà tó dúró sí ìdajì lè jẹ́ olè jíjà. Ó sì lè jẹ́ pé owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ló dé ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe, tí ìyókù ò wá mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó dé bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun láti oṣù kejì 2025. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń jà pé tiwọn ni alága, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé, owó tó yẹ kó máa ti Àbújá wá sì di ọ̀ràn kóòtù. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá kọ "alága ti kówó jẹ" sínú ìwé ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí, ìwé náà á kàn sùn sínú fáìlì ni. Bí ẹ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ síbẹ̀, òfin ní ẹ̀wọ̀n fún un.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìdí nìyẹn tí irọ́ tí akọ̀wé yẹn pa fún yín fi burú ju ti oní-₦60,000 lọ.

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI. Láti ìgbà náà ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń sọ pé kò kan àwọn, pé àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn náà kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, àwọn adájọ́ ò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ ní òfin náà kan ìpínlẹ̀, èyí tó wà ní Benin ní kò kàn án. Nígbà yẹn, akọ̀wé káńsù tó bá ní òfin náà ò dé ọ̀dọ̀ òun ṣì lè rí ẹsẹ̀ fi tilẹ̀. Kò rí i mọ́. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ tó wá láti Edo, lórí ìwé owó àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì níbẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba àpapọ̀, ó de ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì de ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí kóòtù mìíràn lókè ibẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé kò tíì dé Ọ̀ṣun, bóyá kò gbọ́ ni o, bóyá ó gbọ́ tó sì fẹ́ lé yín lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Wọ́n á bi yín pé, "Ta ló rán yín wá? Ẹgbẹ́ wo lẹ ń ṣe? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Abala 1 òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ẹ ò nílò lọ́yà, ẹ ò nílò ìwé ìbúra láti kóòtù, ẹ ò nílò káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìyá àgbà tí omi ń wọ ilé rẹ̀ yẹn, bí kò bá tilẹ̀ mọ̀wé, ó lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ló ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Owó kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà ni owó fọ́tókọ́pì àti ìtẹ̀wé, irú èyí tí ẹ máa san ní Ọláìyá bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé.

Ti "àṣírí ìjọba" ńkọ́? Òtítọ́ ni pé òfin àṣírí ìjọba wà láti 1962, ó sì ń ba òṣìṣẹ́ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òfin 2011 sọ pé òǹtẹ̀ "àṣírí" lára ìwé kò tó láti fi ìwé náà dù yín, ó sì dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá fi inú kan gbé ìwé jáde. Àwọn ohun kan wà tí wọ́n lè fi pa mọ́ lóòótọ́, bí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ ara ẹni, ìwádìí ọlọ́pàá tó ṣì ń lọ. Owó gọ́tà kò sí lára wọn. Kódà, ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ wà lára ohun tí òfin ní kí ìjọba máa gbé síta fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ rèé. Ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà, ẹ má darí rẹ̀ sí orúkọ alága kankan, kí ìjà ta-ni-alága má baà gbé e mì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ:

"Lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, a ń béèrè ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí iṣẹ́ gọ́tà àdúgbò wa: ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó iṣẹ́ náà, iye tí ẹ ti san àti ọjọ́ tí ẹ san án, ìwé ẹ̀rí tí ẹnjiníà fọwọ́ sí pé òun lọ wo iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó."

Ẹ má yọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ìjọba kì í yẹ kó san owó ìpele kan láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ dé ìpele náà. Bí ìwé yẹn bá ní gọ́tà ti parí, tí ẹ̀yin sì ní fọ́tò ibi tó dúró sí, ẹ ti ní ẹ̀rí tí ICPC lè fi ṣiṣẹ́. Bí ìwé náà bá sì fi hàn pé ìdajì owó ni wọ́n san fún ìdajì iṣẹ́, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ fífi orúkọ ẹni tí kò jalè ba jẹ́, ẹ sì ti mọ ẹni tó yẹ kí ẹ máa bi léèrè ìyókù owó.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èkejì, kí ẹ sì mú un lọ sílé. Wọ́n á ní ọ̀gá ò sí nílé. Ọ̀gá kọ́ ló ń lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí ìwé bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kí ẹ má baà rí i, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún kan.

Owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, ẹ máa san án. Gbèsè ló máa dì sí yín lọ́rùn, wọ́n á sì rí ohun tí wọ́n máa fi bu yín. Ẹ má sì gbé fọ́tò alága sórí Facebook tàbí WhatsApp kí ẹ kọ "olè" sí i. Wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 mú èèyàn, bí wọ́n tilẹ̀ ti dín agbára rẹ̀ kù ní 2024. Fọ́tò gọ́tà nìkan ti tó.

Ẹ ní ẹ ò gba ìjọba gbọ́ mọ́. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà wọ́n gbọ́. Ìpínlẹ̀ yìí ni òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ìdajì owó ní 2015, ẹ̀gbọ́n wa, ìyá wa, gbogbo wa la jọ jẹ ìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ni yín. Ẹni tó ń bá yín gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó, ẹ máa ń ní kó mú rìsíìtì wá. Ohun tí ìjọba jẹ yín náà nìyẹn. Abala 15 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kí ìjọba fòpin sí ìwà àjẹbánu, bẹ́ẹ̀ abala 6 ní a ò lè fi ìyẹn nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Òfin 2011 yìí yàtọ̀. Kóòtù lè fipá mú wọn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí ọjọ́ méje bá pé láìsí èsì, ẹ ní 30 ọjọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Òkè-Fìà. Níbẹ̀, ìjọba ló máa ṣàlàyé ìdí tí kò fi fẹ́ gbé ìwé jáde, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Lọ́yà lẹ máa nílò nígbà yẹn. Bí agbára yín ò bá ká a, ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́, Legal Aid Council, bóyá wọ́n á lè gbà á. Àlàyé gbogbogbòò ni mo ṣe o, mi ò tíì rí ìwé yín, lọ́yà tó bá rí i lè gbà yín nímọ̀ràn mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ kọjá 30 ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù dání, torí ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa béèrè nìyẹn.